Àkúnlẹ̀yàn ni Àdáyébá: Ta Ni Jésù Kú Fún?

Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Bí àgbàlagbà bá pa òwe yìí létí ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún ní Pobè tàbí ní Sakété nílẹ̀ Benin, kò ní kó má ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní kó má bọ orí rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún un ni pé kó má di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn, torí òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ lọ́run tó yan ohun tó wáyé wá bá. Lóòótọ́, Yorùbá tún ń sọ ti àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Bọ́lájí Ìdòwú, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè lọ́dún 1962. Ṣùgbọ́n nínú òwe tiwa yìí, ènìyàn ló yàn. Nínú ẹ̀kọ́ John Calvin, aṣàtúnṣe ìjọ ní Yúróòpù, Ọlọ́run ló yàn, kó tó dá ayé, láìwo ìwà tàbí ìgbàgbọ́ ẹni tó yàn.

Odù Ògúndá Méjì fi ibi tí a ti ń yan orí hàn wá. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wáyé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yà sílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, àmọ́ gbèsè ti lé Àjàlá wọ àjà lọ. Àwọn méjì tó ṣáájú kò bá a nílẹ̀, wọ́n fúnra wọn mú orí tó wù wọ́n. Orí tí wọ́n mú kò dára, òjò sì rẹ́ ẹ dànù lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà lọ kí bàbá rẹ̀, ó rúbọ, iyọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ó bù ú fún oníbodè tó ń fi eérú sebẹ̀, oníbodè mú un dé ilé Àjàlá, ó san gbèsè náà, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a yan orí tó le.

Pọ́ọ̀lù náà sọ ti amọ̀kòkò ní orí kẹsàn-án ìwé Róòmù, ìwé tó wà lára èyí tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tú sí Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1850. Amọ̀kòkò tirẹ̀ kò jẹ gbèsè, kò sì sá fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Bí orí tí Àjàlá mọ bá fọ́, a ó ní kò fara balẹ̀ ṣe é. Bí Ọlọ́run tí kì í ṣìṣe bá mọ ìkòkò kan fún ìparun, ta la ó bi?

Ìbéèrè yìí ló bí òmíràn, ta ni Jésù kú fún, òun ló sì tú àwọn Kristẹni Yúróòpù ká. Lọ́dún 1610, àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn tí kò gba ẹ̀kọ́ Calvin yìí, ní ilẹ̀ Họ́lándì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni Jésù kú fún, àmọ́ ẹni tó bá gbà á gbọ́ nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Àpérò ìjọ tó jókòó ní Dordrecht láti 1618 sí 1619 kọ̀ ọ́: wọ́n gbà pé iyì ikú Jésù tó gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn àyànfẹ́ nìkan ni Ọlọ́run pète láti fi gbà là. Ní 1739, John Wesley, tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, wàásù tako ẹ̀kọ́ yìí ní Bristol. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Whitefield kọ̀wé dá a lóhùn, ọ̀nà wọn sì pín.

Ti Wesley ló wọ ilẹ̀ wa. Míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gbé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì lọ́dún 1842, ó ràn dé Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kó tó gòkè dé Sakété àti Pobè. Àwọn fadá Àgùdà tó gúnlẹ̀ sí Ouidah lọ́dún 1861 náà kò bá Calvin rìn. Láti 1653 ni Póòpù Innocent Kẹwàá ti dá ẹni tó bá ní àyànfẹ́ nìkan ni Kristi kú fún lẹ́bi. Ìjọ méjèèjì yìí lè jiyàn lórí Màríà àti lórí póòpù títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní jiyàn lórí ẹni tí Jésù kú fún. Samuel Bilewu Oschoffa náà, tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1947, ìdílé Mẹ́tọ́díìsì ló ti jáde. Ẹni tó bá gbé ìṣòro lọ bá wòlíì wọn, àdúrà ni wọ́n ń yàn fún un. Wọn kì í sọ fún un pé bóyá kò sí lára àwọn tí Olúwa rà.

Ọ̀dọ̀ Wesley lèmi náà dúró sí. Bíbélì wa pe ikú Jésù ní ètùtù, ẹni tó bá sì dàgbà nílùú Nàgó mọ bí ètùtù ìlú ṣe rí. Bí òjò bá kọ̀ tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, wọn kì í ka ilé tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún: Ẹ̀gùn tó wá ra epo, aláboyún àti ọmọ inú rẹ̀, ẹni tó ń bú àwọn tó ń ṣe é, gbogbo wọn ló kàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá da èèwọ̀ rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ lé ire lọ. John Owen, ọmọlẹ́yìn Calvin ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bi irú wa ní ìbéèrè kan tó gún mi: bí Jésù bá ti san gbèsè gbogbo ènìyàn, kí ló dé tí Ọlọ́run tún ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣègbé? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé Ìwé Mímọ́ kò fi ikú náà mọ sí gbèsè sísan. Ó pè é ní ìlàjà pẹ̀lú, ọwọ́ ẹnì kan kò sì lè parí ìlàjà.

Lóde òní, ìwàásù àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin lédè Faransé wà lórí fóònù fún ọmọ Pobè tó bá fẹ́ gbọ́ ọ. Kò burú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníwàásù náà ń fara balẹ̀ ka Bíbélì ju àwa tó ń takò wọ́n lọ. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ ni pé kí wọ́n má pa ìwé dé lórí ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò. Ìbànújẹ́ lórí àwọn ará ilé rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù fi bẹ̀rẹ̀ orí kẹsàn-án, kò sì dákẹ́ níbẹ̀. Àlàyé kan náà ló ń bá bọ̀ títí dé òpin orí kọkànlá, níbi tó ti ní àánú Ọlọ́run wà fún gbogbo ènìyàn.