Ìgbóná: Orúkọ Kan, Àìsàn Mẹ́ta

Ní ọdún 1996, ìyá mi wá kí wa ní London fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó jí pẹ̀lú ara gbígbóná díẹ̀. Ìyá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní: "Má gbé ọmọ yìí jáde o. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná kì í lọ sí òde." Ṣùgbọ́n ìsọmọlórúkọ wà nílé ọ̀rẹ́ wa kan lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì ti ṣèlérí pé n óò se ìrẹsì. Mo ní, "Màmá, òtútù lásán ni." Mo wọ aṣọ fún ọmọ, a lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìléròrò wẹ́wẹ́ olómi ti yọ sí ọmọ náà láyà àti lẹ́yìn. Chickenpox ni. Mo gbé tẹlifóònù, mo ń pe àwọn tí a jọ wà ní òde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn lóyún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ̀rín ni ó rín. Ó ní, "Ẹ má dààmú, mo ti ṣe ìgbóná ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní kékeré." Ọkàn mi balẹ̀. Ọkàn agbẹ̀bí rẹ̀ ni kò balẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé kò ṣe chickenpox rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Measles ni ó ṣe ní Ìbàdàn. Wọ́n sáré fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò dáàbò bò ó. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè: báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè ṣi àgbàlagbà méjì lọ́nà, tí àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ìtàn ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, àti ti ìtọ́jú tí àwọn ìyá wa ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ bá sú.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí àwọn baba wa wò kí wọ́n tó sọ àrùn yìí lórúkọ ni ooru tí ó wà lára aláìsàn. Ara gbóná, awọ ara sì sú: ìgbóná ni. Èyí tí ó burú jù lọ nínú wọn ni Ṣànpọ̀nná, tí àwọn òyìnbó ń pè ní smallpox. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ketekete. Wọ́n ń pè é ní Olóde, wọ́n ń pè é ní Ọbalúayé, wọ́n ń pè é ní Ilẹ̀ẹ́gbóná, bí ẹni pé ilẹ̀ ni ó gbóná tí kì í ṣe ènìyàn. Lábẹ́ òjìji orúkọ ńlá yìí ni àwọn méjì yòókù fara pamọ́ sí. Ní ìlú kan, measles ni wọ́n ń pè ní ìgbóná. Ní ìlú kejì, chickenpox ni wọ́n ń pè ní ìgbóná tàbí ilẹ̀ẹ́gbóná.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀ àwa nìkan ni èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn oníṣègùn máa ń da smallpox àti chickenpox pọ̀ mọ́ra wọn. Ọdún 1767 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ William Heberden tó ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London pé àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí ìyàtọ̀ wọn. Ṣànpọ̀nná máa ń pọ̀ lójú, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, gbogbo egbò rẹ̀ á sì gbó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá yè é á gbé àpá rẹ̀ dé sàárè. Measles máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́, ikun imú àti ojú pípọ́n, lẹ́yìn náà ni ara á wá sú láti ojú lọ sí ìsàlẹ̀. Ti chickenpox, àyà àti ẹ̀yìn ni ó ń pọ̀ sí, ìléròrò rẹ̀ sì máa ń yọ ní ìpele ìpele: bí èyí ti ń gbẹ ni òmíràn ń yọ, ara á sì máa yún ọmọ tọ̀sán tòru.

Kí ni àwọn ìyá wa ń ṣe sí i? Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á ya aláìsàn sọ́tọ̀. Yàrá kan ni yóò wà, ẹnì kan ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, àlejò kò gbọdọ̀ wọlé. Bí àrùn náà bá wà nílùú, wọn kì í lu ìlù, wọn kì í ṣe àríyá, nítorí wọ́n gbà pé ariwo ń bí Olóde nínú. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é lè yàtọ̀ sí ti àwọn oníṣègùn òde òní, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá ti sí ìlù, kò sí ọ̀pọ̀ èrò, níbi tí kò bá sì sí ọ̀pọ̀ èrò, àrùn kò rí ẹni ràn.

Ohun kejì ni pé wọ́n á tu ara ọmọ lójú. Wọ́n á gbo ewúro tàbí ejìnrìn sínú omi, wọ́n á fi wẹ ọmọ. Nígbà tí igi dóńgóyárò dé ilẹ̀ wa láti Íńdíà, òun náà di omi ìwẹ̀. Wọ́n á fi òrí pa ara tí ó ti gbẹ kí ó má baà máa sán, àwọn mìíràn á fi osùn kùn ún. Wọ́n á fún un ní ẹ̀kọ tútù mu, nítorí ohun tútù ni a fi ń pẹ̀tù sí ohun gbígbóná. Omi ìwẹ̀ kì í pa kòkòrò àrùn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ara tí a fi omi tí kò gbóná wẹ̀ kì í yún tó bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ara kò yún kì í ha egbò rẹ̀, egbò tí a kò ha kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kẹ̀.

Síbẹ̀, àléébù wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ni ó bí i. Bí Ṣànpọ̀nná bá pa ènìyàn, àwọn àwòrò rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé òkú náà lọ sin, wọ́n á sì kó ẹrù olóògbé lọ. Àwọn ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n gbọdọ̀ máa dú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́. Ta ni ó wá fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé àrùn yìí wà nílé òun? Bí ilé ṣe ń fi aláìsàn pamọ́ nìyí, tí àrùn á sì ti ràn kálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tú síta.

Ẹnì kan tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí ni Dókítà Oguntola Sapara. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, ìlú Freetown ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1861. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní London àti ní Scotland, ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní ọdún 1896. Òun náà fẹ́ràn ewé àti egbò ìbílẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìṣègùn àwọn baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣànpọ̀nná, ó sì jáde wá sọ pé àwọn kan nínú wọn ń fi ohun tí wọ́n ha lára aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọba gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsìn Ṣànpọ̀nná.

Òfin kò pa àrùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó pa á, irú èyí tí Edward Jenner ti kọ́kọ́ dán wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1796. Láti ọdún 1967, wọ́n gbé ìbọn abẹ́rẹ́ káàkiri ìlú àti abúlé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àpá rẹ̀ wà ní èjìká ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti dàgbà. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1977, ó mú ọkùnrin kan ní Sòmálíà, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ẹni tí ó tún kó o láàárín ìgboro mọ́. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ṣànpọ̀nná ti tán láyé.

Àrùn náà tán, ṣùgbọ́n orúkọ kò tán. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ti gbé e lọ. Ní Kúbà, Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń rọ́ lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún láti bẹ̀ ẹ́. Ní Bùràsíìlì, Obaluaê àti Omolu ni orúkọ rẹ̀, gúgúrú sì ni wọ́n fi ń bọ ọ́. Ejìnrìn tí àwọn ìyá wa ń fi wẹ ọmọ náà wà ní Kúbà. Cundeamor ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ewé Babalú Ayé ni wọ́n sì kà á sí. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ àti aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ewé tí ìyá rẹ̀ fi wẹ̀ ẹ́.

Measles ní tirẹ̀ kò lọ síbì kankan. Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956 sí 1961, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni ó ti rí bí measles ṣe ń pa ọmọ wa ju bí ó ti ń pa ọmọ òyìnbó lọ, pàápàá ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Àwọn tí ó sọ pé "ìgbóná lásán ni" kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Chickenpox ni ó wá kù fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi láti fi ọgbọ́n wò. Ní ilẹ̀ olótùútù, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kékeré ni ọmọ ti ń ṣe é. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ̀pọ̀ ni ó ń dàgbà láìṣe é rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ilé wá tí ó lóyún lè máà ní ààbò kankan, bí ó tilẹ̀ ń sọ pé òun ti ṣe ìgbóná. Àrùn yìí sì lè ran ẹlòmíràn láti bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara tó sú, títí tí gbogbo egbò á fi gbẹ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó hàn lára ẹni tí ó kó o.

Nínú ìtọ́jú ilé, ẹ di ohun tí ó dára mú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó sílé. Ẹ gé èékánná rẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi calamine pa ibi tí ó ń yún un, ẹ fún un ní omi mu dáadáa. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, paracetamol ni kí ẹ fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má fún un ní aspirin láéláé, ẹ má sì fún un ní ibuprofen àfi tí dókítà bá ní kí ẹ fún un. Ẹ má da àgbo sí ọmọdé lẹ́nu, ẹ má sì fi ewé gbígbo sí egbò tí ó ti là. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tuntun, tàbí aláboyún, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára, tàbí tí ọmọ kò bá lè mí dáadáa, tí kò lè mu omi, tí ojú egbò rẹ̀ pọ́n tí ó sì wú, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í fi ete sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ìjọ́sí ti di baba ọlọ́mọ. Dókítà Michiaki Takahashi ti ṣe abẹ́rẹ́ chickenpox ní Jàpáànù láti ọdún 1974, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 1995. Ó pẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi kún ti àwọn ọmọdé, ó di oṣù kìíní ọdún 2026. Abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n fi í sí pẹ̀lú ti measles. Nígbà tí mo gbọ́, mo rántí ìyá mi. Àrùn méjì tí àwọn baba wa sọ ní orúkọ kan, àwọn oníṣègùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì tún kó ìdáàbòbò wọn pa pọ̀ sínú ìgò kan.

Nítorí náà, bí agbẹ̀bí bá bi yín pé ṣé ẹ ti ṣe chickenpox rí, ẹ má fi "mo ti ṣe ìgbóná" dá a lóhùn. Ẹ pe àwọn ìyá yín nílé nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ béèrè pé: irú ìgbóná wo ni? Ṣé ó ní ikọ́? Ṣé ìléròrò rẹ̀ ní omi nínú? Bí wọn kò bá rántí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí màmá bá sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, tí wọ́n ní ẹ má gbé e jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó sílé. Ẹlòmíràn lè bá wa se ìrẹsì òde.