Kásẹ́ẹ̀tì Tí A Dáná Sun Láìgbọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe ìwàásù. Ìtàn ni, àmọ́ ìtàn tó kan àwa fúnra wa ni.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, Ozzy Osbourne kú ní ẹni ọdún 76. Bí ìròyìn náà ṣe ń jà ràn-ìn, ọkùnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Gbólóhùn kan péré ni: ṣé a rántí kásẹ́ẹ̀tì òun?

A rántí. Ìpàdé ìsọjí kan ni. A ní kí àwọn ọ̀dọ́ kó gbogbo orin tí kò yin Ọlọ́run lógo jáde, wọ́n kó o, a da kẹrosíìnì sí i, a ṣáná sí i. Tirẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti London. Àwo àkọ́kọ́ tí àwọn Black Sabbath ṣe ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. A gbé e sókè kí gbogbo ìjọ rí i. A ní àwọn tó kọ ọ́ ti bá Sátánì dá májẹ̀mú, a ní àgbélébùú tó dorí kodò nínú páálí àwo náà ni ẹ̀rí. Ta ló sọ fún wa? Ìwé pẹlẹbẹ kan láti Amẹ́ríkà ni. A ò gbọ́ orin náà rí. A ò tilẹ̀ fojú kan páálí ọ̀hún rí.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti wọlé, a ti ń kà nípa àwo yìí, a sì ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a bá níbẹ̀ nìyí.

Aston ni wọ́n ti wá, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú irin ni Birmingham nígbà náà, irin ni wọ́n ń gé, irin ni wọ́n ń rọ, ọkọ̀ ni wọ́n ń tò. Àárín 1948 sí 1949 ni wọ́n bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí àwókù ilé tí bọ́ǹbù Hitler fọ́ ṣì wà káàkiri ìgboro. Ozzy ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ó jalè, wọ́n mú un, wọ́n bu owó ìtanràn fún un, bàbá rẹ̀ ní òun ò ní san án kó lè kọ́gbọ́n, ó sì lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́wọ̀n Winson Green. Geezer Butler, tó ń ta gìtá béèsì, ọmọ Kátólíìkì paraku ni, láti Dublin ní Ireland làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bill Ward ló ń lu ìlù.

Ẹni kẹrin, Tony Iommi, òun gan-an ni kí ẹ fi ojú sí lára. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin pẹlẹbẹ. Ó ti rí ẹgbẹ́ olórin kan tó fẹ́ mú un lọ ṣeré ní Jámánì, ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ló kù. Ó lọ sílé lọ jẹun ọ̀sán, ó ní òun ò padà mọ́. Ìyá rẹ̀ ní rárá o, lọ parí iṣẹ́ rẹ bó ṣe yẹ. Ó padà lọ. Ẹni tó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ńlá kan kò wá lọ́jọ́ náà, wọ́n bá ní kí Tony dúró níbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn já lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gé orí ìka méjì lọ, ìka àárín àti ìka òrùka. Ọlọ́wọ́ òsì ni Tony. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn gìtá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ro ti ìyá yẹn wò ná. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún ọmọ ló sọ.

Wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé kó gbàgbé gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló wá kí i nílé, ó gbé àwo orin kan dání, ó ní kó gbọ́ ọ. Tony ní òun ò fẹ́ gbọ́ orin kankan. Ọ̀gá náà ní kó ṣáà gbọ́ ọ. Nígbà tó gbọ́ ọ tán ni wọ́n tó sọ fún un pé Django Reinhardt ló ń ta gìtá yẹn, ọkùnrin tí iná jó lọ́dún 1928 tí ìka méjì sì rọ mọ́ lọ́wọ́. Ìka méjì tó kù lọ́wọ́ náà ló fi ń ṣe gbogbo ohun tí Tony ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn.

Báyìí ni ọmọ náà ṣe dìde. Ó yọ́ ike ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ó rọ ọ́ rúbútú, ó dá ihò sí i, ó há a títí ó fi wọ ìka bíi fìlà kékeré. Ó gé awọ lára jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí kó lè máa di okùn mú. Okùn gìtá ayé ìgbà náà nípọn jù fún ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́jà, ó bá lọ fi okùn báńjò sí i. Nígbà tó di àwo kẹta lọ́dún 1971, ó tún dẹ okùn náà kó lè rọrùn fún ìka rẹ̀, ohùn gìtá bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ohùn wúwo tí a dúró lórí pẹpẹ tí a ní ó ti ọ̀run àpáàdì wá, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ara ọgbọ́n tí ọmọ tó fara pa níbi iṣẹ́ dá kó lè máa rí nǹkan ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí wọ́n ti gba àwo náà. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni, ní Regent Sound ní London. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Rodger Bain ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n to irinṣẹ́ wọn bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣeré lóde alẹ́, Ozzy wọ yàrá kékeré kan, wọ́n sì kọ ọ́ papọ̀ bó ṣe máa ń rí lóde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi ìró òjò, àrá àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti kó ẹrù wọn lọ, wọ́n ní eré láti lọ ṣe ní Switzerland.

Orúkọ ńkọ́? Earth ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ mìíràn wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fíìmù ẹlẹ́rù tí Boris Karloff wà nínú rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1963, ni wọ́n ti mú Black Sabbath. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn ń fi owó ara wọn ra ẹ̀rù, wọ́n ní kí àwọn náà máa fi orin tà á. Ọ̀rọ̀ ajé ni.

A tún ti máa ń sọ fún àwọn akọrin wa pé ohùn kan wà nínú orin tí ìjọ àtijọ́ fòfin dè nítorí pé ó ń pe Sátánì, àti pé òun ni Black Sabbath fi bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́. Ó dára. Ẹ kọ fa, kí ẹ wá fò lọ sórí ti. Ohùn náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ni àwọn olùkọ́ orin kan ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn pè é ní èṣù inú orin, torí pé ó ṣòro láti kọ, ó sì máa ń ha etí. Àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ìjọ kankan fòfin dè é. Ara orin Mars tí Gustav Holst kọ ni Geezer ń fi gìtá rẹ̀ dánra wò tí Tony fi rí ọ̀nà tirẹ̀. Àní nígbà tí atẹdùùrù wa bá tẹ seventh kí ìjọ tó padà sí do, fa àti ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi wo la ò kọ ọ́?

Ká má parọ́ ṣá o. Ọwọ́ wọn ò mọ́ délẹ̀délẹ̀. Geezer fúnra rẹ̀ sọ pé òun kun yàrá òun ní dúdú, òun ń ka ìwé òkùnkùn, àti pé lóru ọjọ́ kan òun rí ohun dúdú kan tó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn òun. Ẹ̀rù bà á dé eegun. Ìrírí yẹn ni wọ́n fi kọ orin àkọ́kọ́ lórí àwo náà. Èyí tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a gbọ́ ọ ni pé ẹni inú orin ọ̀hún kò bá ohun tó rí ṣọ̀rẹ́. Ó ń sá fún un, ó sì ń ké pe Ọlọ́run kó gba òun. Ọgbọ̀n ọdún la fi wàásù lòdì sí orin tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ti ń ké fún ìrànlọ́wọ́!

Àwo náà jáde ní Fúráìdè, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970. Níbí, ogun abẹ́lé ò tíì parí ju oṣù kan lọ, ta ló ráyè tiwọn? Fúráìdè ọjọ́ 13, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó kà sí ọjọ́ burúkú, ni Vertigo, ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde, mú. Àwọn náà ló fi àgbélébùú adorí-kodò sínú páálí. Àwọn olórin ò mọ̀ sí i, ìgbà tí wọ́n ṣí páálí làwọn náà rí i, inú wọn ò sì dùn. Ẹ̀rí tí a gbé sókè lọ́jọ́ náà, ọ̀nà tí oníṣòwò fi ń tajà ni. (Àwa tí a kọ́ ìtàn ìjọ díẹ̀ mọ̀ pé àṣà àtọwọ́dọ́wọ́ sọ pé Pétérù ní kí wọ́n kan òun mọ́gi ní ìdorí-kodò, torí òun ò yẹ láti kú bí Olúwa òun. Àmì Pétérù ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. A ò rántí sọ ìyẹn nídìí iná.) Àgbélébùú tí àwọn ọmọ náà fi sọ́rùn fúnra wọn dúró dáadáa ní tirẹ̀, alumíníọ̀mù ni, bàbá Ozzy ló ṣe é fún wọn.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin bú àwo yìí bí ẹni bú olè, rédíò ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó, síbẹ̀ ó dé ipò 8 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ipò 23 ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni irú orin yìí ti ràn ká. Ní Èkó wa níbí náà, àwọn BLO gbé àwo àkọ́kọ́ tiwọn, Chapter One, jáde lọ́dún 1973, pẹ̀lú gìtá tó ń bú ramúramù. Laolu Akins, ọmọ Yorùbá, ló ń lu ìlù níbẹ̀. Lórí àwo kẹta àwọn Black Sabbath, Geezer kọ After Forever, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín pé kí ni wọn yóò sọ nígbà tí ikú bá dé. Lọ́dún 1984, Stryper, àwọn ọmọ ìjọ ní Amẹ́ríkà, mú irú gìtá yìí kan náà fi ṣe àwo àkọ́kọ́ wọn, wọ́n fi Aísáyà 53:5 sábẹ́ orúkọ wọn, wọ́n sì ń ju Bíbélì sáàárín èrò níbi eré. Àwọn oníwàásù bú àwọn náà. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2025 làwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeré ìkẹyìn, ní Villa Park ní Aston, ibi tí wọ́n dàgbà sí. Ozzy ò lè dìde dúró mọ́, orí àga ló ti kọrin. Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn rẹ̀ ló kú.

Padà sọ́dọ̀ arákùnrin wa. Lẹ́yìn iná ọjọ́ yẹn, ó wá sí ìsìn bíi mélòó kan, a ò sì rí i mọ́. A máa ń sọ pé ayé ló fà á lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la sọ fún un pé irọ́ la pa mọ́ àwọn tó kọ orin náà, níwájú òun àti níwájú ìjọ, àti pé ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un la bà jẹ́. A ní bó bá fún wa láyè, a ó ra òmíràn fún un. A fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i kí a tó gbé e síbí, torí pé gbangba la ti sun ún. Àmì búlúù méjì ti hàn, ó ti kà á. Kò tíì fèsì.