Orúkọ Tí A Ó Fún Ìmọ̀lára Nínú Ẹ̀rọ

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilé tí wọ́n bí i sí jìnnà sí tiwa, ó sì ti ń rìn kiri inú àgbàlá wa kí á tó rántí pé a kò tíì fún un ní orúkọ. Iṣẹ́ tí mo ní lọ́kàn ni ti kíkọ́ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní kọ̀ǹpútà, kí ó lè ti inú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ tàbí tí ó sọ mọ̀ bóyá inú onítọ̀hún dùn ni tàbí ó bàjẹ́, kí ó sì lè dá a lóhùn lọ́nà tí ó bá ipò tí ó wà mu. Ohun tí mo ní í sọ lórí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: lára ènìyàn ni èdè Yorùbá ti ń sọ ìmọ̀lára, láti inú dé ojú, láti àyà dé orí, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí á ti wá orúkọ fún iṣẹ́ tuntun yìí, kí á má ṣe kàn tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí Gẹ̀ẹ́sì ti tò ó.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Ní 1966 ni Joseph Weizenbaum, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní ELIZA, tí ń dá ènìyàn lóhùn bí oníṣègùn ọpọlọ; ẹnu sì ya òun tí ó kọ ọ́ nígbà tí ó rí i pé àwọn ènìyàn ń tú ohun inú wọn palẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ohun tí ètò náà ń ṣe kò ju pé kí ó yí ọ̀rọ̀ wọn padà sí ìbéèrè. Ní 1997 ni Rosalind Picard, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, tẹ ìwé tí ó sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀ka ìmọ̀ jáde.

Kí ni kí á wá pe ohun tí wọ́n ń wá nínú ọ̀rọ̀? Àwọn kan a máa pè é ní ẹ̀dùn ọkàn, n kò sì lè bá wọn gbà, nítorí pé ìrora ni ẹ̀dùn gbé lọ́wọ́: ta ni yóò rí abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ igbe ọmọ tuntun rẹ̀, tí yóò sọ pé ẹ̀dùn ọkàn bá a? Ìmọ̀lára ni ó tọ́. Ẹ tú u wò: a mọ̀ ọ́n, lára ni a sì ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò bá ara tí ń ro, ara tí ń yá, ara tí ń bù máṣọ, kò tíì di ìmọ̀lára. Láti ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ apá kìíní iṣẹ́ náà, èyí tí mo pè ní ìdámọ̀ ìmọ̀lára, nítorí pé ènìyàn lè dá ẹni mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn nípa ìrìn rẹ̀ láìjẹ́ pé òun ni ó ń rìn ín. Ẹ̀rọ lè dá ìbínú mi mọ̀. Kò lè mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé pé “ìmọ̀lára kọ̀ǹpútà”, ó ti fi orúkọ purọ́ fún ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, dùn. Inú mi dùn: ayọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi: ayọ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí: ìrora ni, ó sì lè jẹ́ ìrora tí ènìyàn yóò gbé dé sàréè. Ẹ̀rọ tí ó bá kó gbogbo dùn pọ̀ sí apá oyin yóò kí ẹni tí a ṣẹ̀ kú oríire. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ní òwe pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín, ìyá tí ọmọ rẹ̀ fọ́ àwo sì lè wí pé “O káre!”, kí ọmọ náà máa wá ibi tí yóò sá sí. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ìwé tí a kó fún ẹ̀rọ kò ní ojú.

Ìwé bẹ́ẹ̀ sì ti wà fún Yorùbá. Ní 2022 ni Shamsuddeen Hassan Muhammad àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ NaijaSenti jáde, nǹkan bí 30,000 ọ̀rọ̀ láti orí Twitter fún Yorùbá, iye bẹ́ẹ̀ fún Haúsá àti fún Ígbò, tí àwọn tí ó gbọ́ èdè náà láti ilé wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì sọ èyí tí ó jẹ́ rere, èyí tí ó jẹ́ búburú, àti èyí tí kò gbè sí ibì kan. Èmi yóò pe àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ní olùfàmìsí, ohun tí wọ́n sì fi sí i ní àmì. Ní 2025 ni àkójọ BRIGHTER tẹ̀lé e, ó gba èdè 28, Yorùbá wà níbẹ̀, àmì rẹ̀ sì di mẹ́fà: ìbínú, ìríra, ìbẹ̀rù, ayọ̀, ìbànújẹ́, ìyàlẹ́nu. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n níbo ni ìtìjú wà, tí ó ń darí ìwà wa ju ìbẹ̀rù lọ? Níbo sì ni a ó fi orí wíwú sí, èyí tí ń bá ọmọkùnrin nígbà tí wọ́n bá ki oríkì baba ńlá rẹ̀ sí i léti, tí ara rẹ̀ yóò ṣe gìrìrì, tí omi yóò gba ojú rẹ̀, tí kò sì ní lè sọ fún ọ bóyá ayọ̀ ni tàbí ọ̀fọ̀ àwọn tí ó ti lọ? Àmì méjèèjì yìí ni kí á fi kún un, kí á má sì ṣe wá ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

Ó tún ku èyí tí ó dùn mí jù. Ní 2024 ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbé àkójọ YORÙLECT jáde, tí wọ́n fi ẹ̀ka èdè Ifẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú kún Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìjùmú kò sí níbẹ̀, Owé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́: abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni ìjọba fi àwa tí a ń sọ àwọn ẹ̀ka èdè wọ̀nyí sí, kí a tó bọ́ sí Kwara ní 1967, kí a sì tó di ara Kogi ní 1991, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn ni iṣẹ́ akọtọ́ àti ti èdè-ìperí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àwọn ohun ìmọ̀, ti gbilẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, wúlò fún wa gidigidi. Ó kàn jẹ́ pé ohùn tiwa kò pọ̀ níbi tí a ti ń pàdé ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ní ìlú wa Ekinrin-Adde tí mo ti ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára ni wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ. “Okun” ni a fi ń kí ara wa. Òun náà ni a fi ń bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn. Láti ẹnu ìkíni yìí ni wọ́n ti ń pe gbogbo ìran wa ní Okun. Àmì wo ni olùfàmìsí yóò fi sí i? Bí ó bá fi ayọ̀ sí i, ó ṣì í. Bí ó bá fi ìbànújẹ́ sí i, ó tún ṣì í. Bí ó bá sì sọ pé kò gbè sí ibì kan, èyí ni ó burú jù, nítorí pé ẹni tí ó kí ọ ní Okun ti gbè sẹ́yìn rẹ kí o tó dá a lóhùn. Fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìfọ̀rànrora-ẹni-wò ni mo fẹ́ kí a kọ ní àmì, kí a sì kọ ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó sọ ọ́ fún, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ rí i pé ara tún wà nínú orúkọ náà. Ẹni tí yóò fi ọ̀ràn ro ara rẹ̀ wò gbọ́dọ̀ ní ara tí ọ̀ràn lè bà. Nítorí náà, apá kejì iṣẹ́ yìí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dáhùn pẹ̀lú “ẹ pẹ̀lẹ́” àti “ẹ kú ara fẹ́ra kù”, n kò ní pè é ní ìbánikẹ́dùn. Ìfihàn ìmọ̀lára jẹ́ ti ènìyàn; ti ẹ̀rọ ni kí á pè ní àfarawé ìmọ̀lára, kí opó tí ó bá tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lóru, tí ó sì gbọ́ ohùn tútù láti inú rẹ̀, lè mọ ohun tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ohùn náà lè ṣe é láǹfààní, n kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ohùn tiwa náà lè wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Kabba àti Lọ́kọ́ja gba ohùn àwọn ìyá àgbà Ìjùmú sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ ìlú àwọn ìyá wọ̀nyí ni olùfàmìsí rẹ̀.