Ọsàn létí Odò Ọ̀nà

Púpọ̀ nínú ọsàn tí wọ́n ń bó tà lójú títì Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, Benue ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó o wá. Ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu díẹ̀, torí pé nílùú yìí kan náà, létí Odò Ọ̀nà, láti Ẹlẹ́yẹlé lọ dé Moor Plantation lọ́nà Àpáta, ni ìjọba ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin ọsàn tó ń mówó wọlé.

Ọsàn mímu kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti ṣẹ̀, àwọn Potogí ọlọ́kọ̀ ojú omi ni wọ́n sì gbà pé ó mú un dé etíkun wa. Nígbà tí kòkó gba oko Ìbàdàn kan, igi ọsàn kò ju ọ̀kan méjì lọ láàrin kòkó tàbí lẹ́yìn abà. Ọmọdé ń ká a jẹ, àwọn ìyá ń ru èyí tó kù lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó kà á sí iṣẹ́.

Òwú ni òyìnbó kọ́kọ́ fẹ́ ní Moor Plantation. Ọkọ̀ ojú irin tó lè kó o lọ ti wọ Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1910, ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olú iléeṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tẹ̀ lé e níbẹ̀ ní 1921. Òwú kò yọrí sí ohun tí wọ́n retí, àmọ́ ìmọ̀ nípa àwọn igi eléso tí wọ́n kó jọ níbẹ̀ kò lọ.

Èyí tó wúlò jù nínú ìmọ̀ náà ni lílọ́ igi. Ọsàn tí a fi kóró gbìn lè lo ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so, ẹ̀gún a sì bo igi rẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ á gbin lẹ́mọ́nì eléèpo gbágungbàgun, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Bí igi rẹ̀ bá ti tó pẹ́ńsù, wọ́n á la èèpo rẹ̀, wọ́n á ki ojú kan tí wọ́n gé lára ọsàn tó dùn bọ̀ ọ́, wọ́n á wé e pinpin. Tí ojú náà bá hù, wọ́n á gé orí lẹ́mọ́nì kúrò. Ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ọsàn ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni irú bí Agege àti Valencia ṣe tàn kálẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi owó tó ti ara kòkó wá dá Lafia sílẹ̀ ní Moor Plantation, iléeṣẹ́ tó ń rọ omi ọsàn, gíréèpù àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú agolo. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó ní àbùkù kan: iléeṣẹ́ ń fẹ́ ọsàn ní pọ́ọ́kú, alájàpá sì ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tí wọ́n máa bó tà. Àgbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wá dé, ta ló tún ń ronú agolo ọsàn? Ní àwọn ọdún 1990, Fumman, iléeṣẹ́ aládàáni, ló gba ibẹ̀, òun náà ń ṣe omi èso.

Ìwádìí kò dúró. Ní 1975 ni wọ́n dá NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí nípa èso àti ewébẹ̀, sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, kò jìnnà sí adágún Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n sé ní 1942. Àmọ́ ilé ti gba etí odò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá ìkún omi ọjọ́ náà lọ ní Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ ọsàn la fi sílẹ̀ níbẹ̀, igi nìkan ni odò ìbá gbé.

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ má gbin kóró. Ẹ lọ ra igi tí wọ́n ti lọ́ ní Ìdí-Ìṣin, kí ẹ sì bèèrè irú tó jẹ́ kí ẹ tó sanwó.