Ilé Tí Bàbá Wa Tà Kí A Tó Dé Àbújá

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Mínnà, ṣé ẹ ti bi àwọn òbí yín rí pé kí ló gbé wọn dé ìhín? Ọ̀wò ló gbé àwọn kan wá. Àwọn mìíràn, lẹ́tà ìjọba ni. Ìtàn lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, àti ti owó tí kò sí nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wò ó bóyá Èkó ṣì lè máa jẹ́ olú-ìlú. Adájọ́ Akinọla Aguda ni alága wọn. Wọ́n ní Èkó ti há jù, kí ìjọba kó lọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin Àbújá jáde. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n pa Murtala. Iṣẹ́ ò dúró, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 kí Ọ̀gágun Babangida tó kó ìjọba kúrò l'Ékòó.

Ìjọba kó lọ́jọ́ kan, àmọ́ òṣìṣẹ́ ò lè kó lọ́jọ́ kan. Ọdún ń gorí ọdún ni lẹ́tà ń dé bá wọn.

Kí ni òfin iṣẹ́ ọba ní kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí ìlú mìíràn? Owó ọkọ̀, àti owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ 28. Kò burú. Ẹni tó ti kọ́ ilé tirẹ̀ ńkọ́? Kò sí tiẹ̀ níbẹ̀. Lójú tèmi, ayé kọ́tàsì ni òfin yẹn ti wá, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìjọba ni ọ̀gá iṣẹ́ ọba ń gbé. Ẹni tó bá kó kúrò ní kọ́tàsì, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló máa dá padà.

Bàbá tèmi ní ilé yàrá mẹ́rin ní Ìpájà. Nígbà tí lẹ́tà dé, ó tà á lọ́pọ̀ láàárín oṣù kan. Alágbàtà gba tiẹ̀, lọ́yà gba tiẹ̀, ọmọ onílẹ̀ náà tún wá gba tiẹ̀. Èyí tó kù, rẹ́ǹtì ní Kárù ló jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ìjọba wá ń ta ilé rẹ̀ ní Àbújá lọ́dún 2005, àwọn tó ń gbé inú ilé náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀. Ayálégbé ni bàbá mi.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1966 ni òfin ti wà pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n bá gbé lọ síbi iṣẹ́ mìíràn lè gba owó tó ná láti ta ilé rẹ̀ padà: ti alágbàtà, ti lọ́yà, ti ìwé. Ó ní òdiwọ̀n ṣá o. Kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 iye tí wọ́n ta ilé náà lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tó ń gbé nígbà tí wọ́n sọ fún un pé yóò kó, òun náà á sì fọwọ́ sí i pé òun ò ní fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún oṣù 12. Bí ọjà ilé bá já, ìjọba ò san ìyẹn. Síbẹ̀, wọ́n gbà pé ẹni tí a ní kó kó, ìnáwó rẹ̀ ò mọ sórí ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó wà nínú iṣẹ́ ọba, bí lẹ́tà bá dé, ẹ má kánjú ta ilé. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ayálégbé sí i. Ẹ béèrè ohun tó tọ́ sí yín, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ẹ jẹ́ ká rí ibi padà sí o.