Iye owó àlòkù kámẹ́rà onífíìmù

Ẹni méjì ló ń pinnu iye tí àlòkù kámẹ́rà onífíìmù yóò tà: olùkójọ àti ayàwòrán tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ orí, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti páálí tó bá a wá ni olùkójọ ń wò, kódà bí kò bá ya fọ́tò mọ́. Irú wọn ló ra Leica tí Oskar Barnack, ẹni tó ṣẹ̀dá kámẹ́rà náà, lò fúnra rẹ̀ ní mílíọ̀nù 14.4 owó yúrò ní Wetzlar, Jámánì, lọ́dún 2022. Lẹ́ńsì àti ṣọ́tà ni ayàwòrán ń yẹ̀ wò ní tirẹ̀, àti bóyá fíìmù rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 sí 1997, kò ṣọ̀wọ́n rárá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọ́tò ni kò jẹ́ kí owó rẹ̀ já wálẹ̀.

Ní Adó-Èkìtì, Ìyìn àti Ìgèdè, ojú oníṣẹ́ ni wọ́n fi ń wo kámẹ́rà jù. Nígbà tí ti dìgítà gba ọjà, Yashica àwọn àgbà ayàwòrán wọ àpótí lọ. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa sì burú fún un: ohun funfun bí òwú aláǹtakùn a máa hù nínú lẹ́ńsì, ìyẹn nìkan sì tó láti gé owó rẹ̀ lulẹ̀ lójú olùkójọ àti oníṣẹ́. Kí ẹni tó bá jogún irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòpatì. Kó yẹ lẹ́ńsì rẹ̀ wò lójú oòrùn, kó sì tọ́jú nẹ́gátíìfù tó bá bá nídìí rẹ̀.