Gẹ̀gẹ̀, Iyọ̀ àti Ọpọlọ Ọmọ ní Àwọn Òkè Swítsàlandì

Ní àfonífojì Valais, ní gúúsù Swítsàlandì, gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì lọ́rùn àgbà tàbí ọmọdé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń bí ní àwọn abúlé yẹn: wọn kì í ga, etí wọn a máa di, ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu wọn, ọgbọ́n orí wọn kì í sì í kọjá ti ọmọ kékeré. Kretin ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí ìjọba Napoleon ka àwọn olùgbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1810, wọ́n rí bíi 4,000 irú wọn láàárín 70,000 ènìyàn.

Àwọn kan di ẹ̀bi ru omi yìnyín, àwọn kan ní ìgbéyàwó láàárín ẹbí ló fà á, àwọn mìíràn sì ka afẹ́fẹ́ inú àfonífojì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Afẹ́fẹ́ yìí ni dókítà Johann Jakob Guggenbühl gbà gbọ́. Ní 1841, ó dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ lórí òkè Abendberg, nítòsí Interlaken, pé kí afẹ́fẹ́ òkè wo àwọn ọmọ náà sàn. Òkìkí ilé yìí kàn káàkiri Yúróòpù, ṣùgbọ́n ìwòsàn tó ṣèlérí kò wá, ilé náà sì kógbá sílé.

Láti yàrá iṣẹ́ abẹ ni òye ti kọ́kọ́ yọ. Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ní Bern, máa ń gé táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọ̀fun tó ń wú di gẹ̀gẹ̀, kúrò pátápátá. Ní 1883, ó ròyìn pé àwọn tó gé tiẹ̀ tán ti wú lójú, wọ́n ti lọ́ra, èrò wọn ò sì já geere mọ́. Èyí tó ṣì kéré nínú wọn kò ga mọ́. Wọ́n ti wá jọ àwọn kretin. Kocher jáwọ́ nínú gígé e tán, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1909 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí táírọ́ìdì.

Họ́mọ̀nù táírọ́ìdì ló ń sọ iye iná tí ara ń jó. Ọ̀nà tó ń gbà kan ọpọlọ ló yàtọ̀ gan-an. Ní 1953, Louis Sokoloff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn ọ́síjìn tí ọpọlọ àwọn àgbàlagbà tí họ́mọ̀nù yìí pọ̀ jù lára wọn ń lò. Ara wọn ń jó ju bó ṣe yẹ lọ, ọpọlọ wọn kò yí padà. Ti ọmọ inú oyún àti ọmọ jòjòló kò rí bẹ́ẹ̀. Họ́mọ̀nù yìí ló ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń rìn dé ààyè rẹ̀, bó ṣe ń yọ ẹ̀ka, bó ṣe ń so mọ́ra, àti bí ọ̀rá ṣe ń wé okùn tó ń gbé ìròyìn kiri inú ọpọlọ. Níbi tí kò bá ti tó, ẹ̀ka á kéré, ọ̀rá á fẹ́lẹ́, agbára tí ọpọlọ yẹ kó máa jó kò ní pọ̀ sí i bó ṣe yẹ, egungun náà kò sì ní gùn. Ara ìyá ni oyún ti ń rí i gbà ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ títí táírọ́ìdì tirẹ̀ yóò fi gbéṣẹ́, nítorí náà àìtó ti ìyá lè ba ọpọlọ jẹ́ kí wọ́n tó bí ọmọ. Ìtọ́jú tó bá dé lẹ́yìn ìbàjẹ́ yẹn dà bí òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ìdí nìyí tí Abendberg kò fi lè ṣe ohun tó ṣèlérí.

Áyódíìnì ni ara fi ń ṣe họ́mọ̀nù náà, yìnyín ńlá ayé àtijọ́ sì ti họ ilẹ̀ tó ní in kúrò lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Jean-François Coindet ní Geneva ti ń fi wo gẹ̀gẹ̀ láti 1820, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń lò pọ̀, ọkàn àwọn aláìsàn kan ń sáré, ẹ̀rù sì ba àwọn dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà abúlé ló tú ọ̀ràn náà. Ní 1918, Otto Bayard po áyódíìnì táṣẹ́rẹ́ mọ́ iyọ̀ fún àwọn ìdílé díẹ̀ ní Grächen, gẹ̀gẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Hans Eggenberger ní Herisau kó àwọn ará ìlú jọ láti béèrè fún irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ Appenzell Ausserrhoden sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1922. Ìwọ̀n tí orílẹ̀-èdè náà kọ́kọ́ lò jẹ́ mílígíráàmù áyódíìnì 3.75 nínú kílò iyọ̀ kan. Ó ti di 25 ní 2014. Láti bí 1930, a kò tún rí ọmọ tuntun tó di kretin níbẹ̀ mọ́.

Iyọ̀ kò lè gba ọmọ tí wọ́n bí láìní táírọ́ìdì. Ti irú wọn yanjú nígbà tí Jean Dussault àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọmọ tuntun ní Québec, ní Kánádà, láàárín ọdún 1970 sí 1979: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ láti gìgísẹ̀, tí wọ́n gbẹ sórí bébà, ń fi àìtó họ́mọ̀nù hàn, ọmọ náà a sì bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.